Aṣọ Tí A Kò Gé: Ìtàn Ìró Láti Etí Odò Ìyá Aláró

Odò Ìyá Aláró ló gba abẹ́ ọ̀nà Ìkòròdú kọjá láàárín Maryland àti Òjòtá, Mende sì ni àdúgbò tó fara ti àbàtà rẹ̀. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Kosofe ni Mende wà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àbàtà yìí kò jẹ́ kí ará Mende lè kọjá tààrà sí Ọ̀pẹ̀bí tó ń wò lódìkejì, àfi ìgbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó wá gbé afárá lé e lórí. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ilé ìjọsìn, ilé ìtura àti ṣọ́ọ̀bù ló kún ibẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá ń sáré lọ síbi iṣẹ́ lè máà bi ara rẹ̀ léèrè rárá pé kí ni aláró ń ṣe níbi tí kọnkéré pọ̀ tó báyìí. Ṣùgbọ́n aláró kì í jìnnà sí omi, aṣọ náà kì í sì í jìnnà sí aláró. Aṣọ tí àwọn obìnrin aláró ilẹ̀ Yorùbá sì pa láró jù lọ láti ìran dé ìran ni ìró.

Mo fẹ́ sọ ìtàn ìró, nítorí àwa tó ń ró o lójoojúmọ́ ti mọ̀ ọ́n lójú débi pé a kì í wò ó mọ́. Léèsì ni à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, gèlè ni à ń yà ní fọ́tò, aṣọ ẹbí ni à ń jà lé lórí. Ìró wà nílẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́.

Ohun tí ìró jẹ́ kò ju aṣọ onígun mẹ́rin lọ, ọ̀pá méjì sí méjì ààbọ̀ ní gígùn. A kò gé ọrùn sí i, a kò dá apá sí i, bọ́tìnnì kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni síìpù kò sí. Ẹni tó fẹ́ ró o yóò mú un gba ẹ̀yìn wá síwájú, yóò mú etí kan borí èkejì, yóò ki igun rẹ̀ bọ ẹ̀gbẹ́ ìbàdí, ó parí. Kò sẹ́ni tó sanra jù ú, kò sẹ́ni tó tín-ín-rín jù ú. Aláboyún ń ró o títí di ọjọ́ ìkúnlẹ̀, yóò sì ró ọ̀kan náà lọ síbi ìkómọ. Ìyá lè ró o láàárọ̀ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin ró o lálẹ́.

Láàárọ̀ kùtùkùtù ní Mende, kí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ tó di ọ̀nà Ìkòròdú pa, iṣẹ́ ìró ti pọ̀. Ìyá tó ń gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù ró o mọ́ àyà. Aláàkàrà ró ọ̀kan sí ìdí, ó da òmíràn bo èjìká nítorí ọyẹ́. Ìyá ọlọ́mọ fi gba ọmọ mọ́ ẹ̀yìn kó tó fi ọ̀já dì í. Ọmọge tó ń ti ilé ìwẹ̀ bọ̀ ró o láti abẹ́ abíyá dé orúnkún. Bí a bá sì tẹ̀ síwájú dé Kẹ̀tú àti Mile 12, níbi tí tòmátì, ata àti iṣu ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè Ọya, alábàárù ti ká a róbótó, ó ti di òṣùká lábẹ́ apẹ̀rẹ̀. Ìyá aláta tẹ́ ọ̀kan sílẹ̀, ó jókòó lé e. Bí oòrùn bá mú jù, òun náà ni yóò ta sórí igi mẹ́rin tí yóò fi ṣe ìbòòji. Owó tó bá pa ni yóò so mọ́ ìṣẹ́tí èyí tó ró sára, tí yóò sì ká igun náà bọ inú ìbàdí, níbi tí ọwọ́ jáwójáwó kò ti lè dé láìjẹ́ pé ó mọ̀.

Gbogbo iṣẹ́ yìí, àìgé ló fà á. Aṣọ tí abẹ́ bá ti kàn, ó ti yan iṣẹ́ kan fún ara rẹ̀. Ṣòkòtò kò lè di ìbora, bùbá kò sì lè gbé ọmọ.

Kí òyìnbó kankan tó kó aṣọ dé etíkun wa, oríṣi òfì méjì ló ń hun aṣọ nílẹ̀ Yorùbá. Òfì ọkùnrin ni èyí tí ahunṣọ ń jókòó sí, tí òwú nà gbọọrọ síwájú rẹ̀ lórí ilẹ̀, tí aṣọ tó ń jáde kò sì fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ìṣẹ́yìn, Ọ̀yọ́ àti Ìlọrin ni iṣẹ́ náà ti gbilẹ̀ jù. Wọ́n á rán àwọn abala tín-ín-rín náà mọ́ ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títí tí yóò fi tó ìró: ẹtù tó dúdú, sányán tí òwú rẹ̀ wá láti ara kòkòrò inú igbó, àlàárì tó pọ́n. Òfì obìnrin ní tirẹ̀ dúró lóòró, ó fẹ̀yìn ti ògiri nínú ilé, kíjìpá ló ń ti ibẹ̀ jáde. Kíjìpá fẹ̀, ó nípọn, abala méjì tàbí mẹ́ta péré ló ń di ìró, ó sì lè bá ènìyàn dàgbà. Obìnrin Ọ̀wọ̀, Èkìtì, Àkókó àti Ìjẹ̀bú ló hun ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀, láàárín oúnjẹ sísè àti ọmọ títọ́.

Àlùfáà Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897 tí ìwé náà kò sì jáde títí di 1921, kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìmúra obìnrin rọrùn ju ti ọkùnrin lọ: ìró méjì tàbí mẹ́ta àti ìbòrí, ó tán. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ìró méjì tàbí mẹ́ta yẹn jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni wọ́n. Tòbí, tí a kò kà mọ́ wọn, wà nísàlẹ̀ pátápátá, òun ni ìbòmọ́lẹ̀. Ìró kan tàbí méjì wà lórí rẹ̀. Èyí tó kù ni obìnrin ń dà lé èjìká tàbí tó ń fi bo orí, èyí tó ń di ìbora nígbà òtútù, tó ń di àpò nígbà ọjà. Ọrọ̀ ni wọ́n pẹ̀lú. Aṣọ tí a kò gé ṣe é fi dógò, ó ṣe é jogún, ó ṣe é pín fún àwọn ọmọ lọ́jọ́ tí ìyá bá lọ. Ohun tí a rán mọ́ ara ẹnìkan kò lè rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Ó sì rìn. John Adams, ọ̀gákọ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣòwò ní etíkun wa láàárín 1786 sí 1800, ròyìn nínú ìwé tó tẹ̀ ní 1823 nípa aṣọ Ìjẹ̀bú tí àwọn Potogí ń rà láti kó lọ tà ní Bùràsíìlì. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti kó lẹ́rú lọ sí Bahia wà lára àwọn tó ń rà á lọ́hùn-ún. Ìbànújẹ́ ńlá ni èyí, pé ọkọ̀ kan náà tó ń kó ènìyàn lọ ló ń kó aṣọ wọn tẹ̀ lé wọn. Lẹ́yìn tí òwò ẹrú dópin, òwò aṣọ kò dópin: ní gbogbo ọ̀rúndún 19, aṣọ òfì, obì àti ọṣẹ dúdú ń ti Èkó lọ sí Bahia, àwọn Àgùdà tó ti padà wálé sì wà lára àwọn tó ń kó wọn. Títí di òní, àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn Candomblé ní Bahia ń da aṣọ náà lé èjìká tàbí kí wọ́n fi gba àyà bí ipò wọn nínú ẹ̀sìn bá ṣe rí. Pano da costa ni orúkọ tí wọ́n ń pè é. Obìnrin Yorùbá tó bá dé ibẹ̀ lónìí kò nílò ẹni tí yóò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dà á.

Nílé níbí, ogun ló jẹ́ kí a mọ gbogbo ohun tí ìró lè ṣe. Ọ̀yọ́ Ilé tú, Òwu fọ́, àwọn Ẹ̀gbá sá wọ abẹ́ Olúmọ ní 1830, Ìbàdàn di ìlú àwọn jagunjagun. Ẹni tí ogun bá lé kì í ráyè di àpótí. Ohun tó wà lára rẹ̀ ló ní. Ìró tó ró sí ìdí ni yóò fi gbé ọmọ, ìkejì ni yóò fi di ìwọ̀nba ohun tó bá rí kó sórí. Bí ilẹ̀ bá ṣú nínú igbó, yóò tú ẹrù náà, yóò tẹ́ ìdajì rẹ̀ sílẹ̀, yóò fi ìdajì bo ọmọ. Bí òjò bá dé, yóò fi bo orí. Bí ọmọ bá kú lójú ọ̀nà, òun náà ni yóò fi dì í kó tó sin ín. Èmi kì í lè ronú nípa àwọn ìrìn wọ̀nyẹn láìronú nípa aṣọ yìí, nítorí òun ni ilé kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ ìyá wa ní láàárín ìlú tó jó àti ìlú tuntun.

Àwọn alájàpá tẹ̀ lé ọ̀nà kan náà nígbà tí ọ̀nà bá là díẹ̀. Obìnrin ni ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n ń ra ọjà níbi tó ti pọ̀, wọ́n ń rù ú lọ síbi tó ti ṣọ̀wọ́n. Ìró ni ìdì ẹrù wọn, ìró ni ìbùsùn wọn. Lẹ́yìn tí ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ti rọlẹ̀, àwọn ọkùnrin Ìjẹ̀ṣà bọ́ sójú ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ lórí. Àwọn ni à ń pè ní òṣómàáló. Wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rìn káàkiri Èkìtì, Oǹdó, Àkókó àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ń ta aṣọ láwìn fún àgbẹ̀ àti ìyàwó àgbẹ̀, wọ́n á sì padà wá gba owó nígbà ìkórè. Ọ̀pọ̀ ìletò tí kò ní ọjà aṣọ rárá, ọwọ́ wọn ni ìró òyìnbó ti kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Iṣẹ́ yìí ló kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí Iléṣà, òun ló rán ọmọ níwèé.

Ní agbègbè tí à ń pè ní Kosofe lónìí, ojú omi ni aṣọ ń gbà. Odò Ògùn ni ọ̀nà tó já Abẹ́òkúta pọ̀ mọ́ Èkó kí ọkọ̀ ojú irin tó dé. Ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ń gbé epo àti èkùrọ́ bọ̀ wá sí ọ̀sà, ó sì ń gbé iyọ̀, ọtí àti aṣọ Manchester gòkè padà. Àwọn Àwórì tó wà ní Agboyi àti Ìṣẹri wà lójú ọ̀nà náà gan-an. Ìdì aṣọ funfun tó ń kọjá yìí ni àwọn obìnrin Abẹ́òkúta sọ di àdìrẹ.

Kíjìpá kò gba ọnà wẹ́wẹ́, nítorí ó nípọn. Aṣọ funfun òyìnbó tẹ́jú, ó rọ̀, ọnà sì ń hàn lára rẹ̀ kedere. Aláàdìrẹ yóò ra ọ̀pá márùn-ún, yóò dá a sí méjì, yóò rán abala méjèèjì pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìró kan dé. Bó bá jẹ́ oníko, yóò fi ìko so ó ní sísokọ́ra tàbí kó fi di òkúta wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹlẹ́kọ, yóò fi ìyẹ́ adìẹ ya ọnà pẹ̀lú ẹ̀kọ tí a fi gbágùúdá ṣe, tàbí kó fi páànù tí àwọn ọkùnrin ti gé ọnà sí lára tẹ̀ ẹ́. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní wọ ibẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló kan aláró. Ewé èlú ni wọ́n ń gún, tí wọ́n ń yí ní róbótó, tí wọ́n ń sá sóòrùn. Wọ́n á jó igi di eérú, wọ́n á sẹ́ omi eérú náà nínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ lu, wọ́n á rẹ èlú sínú omi yẹn fún ọjọ́ mélòó kan títí tí yóò fi rú, tí òórùn rẹ̀ yóò sì gba àdúgbò. Aṣọ tó bá ti inú ìkòkò jáde kì í dúdú lẹ́ẹ̀kan náà. Ó máa ń ní àwọ̀ ewé, atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di dúdú lójú ẹni. Wọ́n á tún rì í, wọ́n á tún gbé e sáfẹ́fẹ́, ìgbà púpọ̀, títí dúdú rẹ̀ yóò fi jinlẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á wá fi òòlù igi lù ú kó lè máa dán. Wọ́n ní Ìyá Mapó ni òrìṣà tó ni iṣẹ́ yìí àti ti ìkòkò mímọ, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ méjèèjì kò lè ya ara wọn.

Láàárín 1900 sí nǹkan bí 1930, Ìtòkú ní Abẹ́òkúta di ojúkò òwò. Àwọn oníbàárà ń wá láti Gold Coast, láti Sierra Leone, títí dé Sẹ̀nẹ̀gà, wọ́n ń ra àdìrẹ lọ́pọ̀ yanturu. Ìró wá di ibi tí obìnrin ń kọ ìròyìn sí. Nígbà tí gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn parí ní 1929, àwọn aláàdìrẹ ya òpó rẹ̀ sára aṣọ, Ìbàdàn Dùn sì di ọ̀kan nínú ọnà tó gbajúmọ̀ jù. Nígbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì, George Karùn-ún, ṣe ayẹyẹ ọdún 25 lórí ìtẹ́ ní 1935, àwòrán òun àti ayaba wọ inú ìró, Olóba ni wọ́n sọ ọ́. Ọnà Olókun ti wà ní tirẹ̀, kò sì tíì lọ.

Ìṣòro dé láàárín ayọ̀ yìí. Ọrọ̀ ajé ayé wó ní 1929, owó gbẹ. Sódà òyìnbó ti rọ́pò omi eérú lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ aláró nítorí ó yá, aró òyìnbó sì ń wọlé. Àwọn oníbàárà ní aṣọ ń tètè gbó. Aláké Adémọ́lá Kejì, ọba Ẹ̀gbá, fòfin de sódà àti aró òyìnbó ní àwọn ọdún 1930, àwọn aláró sì yarí: oúnjẹ wọn ni, ta ni yóò sọ fún wọn bí wọn yóò ṣe ṣe é? Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó lé e lórí ní 1936. Mo gbà pé àwọn obìnrin náà jàre. Kì í ṣe sódà nìkan ló ba ọjà jẹ́ nígbà tí gbogbo ayé ń sunkún àìlówó, bẹ́ẹ̀ lórí wọn nìkan ni wọ́n fẹ́ gbé e kà.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn obìnrin ìlú kan náà tún dìde, lọ́tẹ̀ yìí lórí owó orí. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ló ṣíwájú wọn, ẹgbẹ́ Abeokuta Women's Union ni orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ láti 1946. Ìyá yìí kàwé ní ìlú òyìnbó, ó lè wọ gáùn bó ṣe wù ú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń wọ̀ ọ́. Ó pa á tì. Ìró àti bùbá ló ń wọ̀ bọ̀ láàárín àwọn obìnrin ọjà, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i bí ẹni tó ga jù wọ́n lọ. Àwọn ará Èkó kan ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú: ní àwọn ọdún 1890, Mojọlá Àgbébí kọ orúkọ òyìnbó sílẹ̀, ó kọ kóòtù sílẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀mọ̀wé ọkùnrin ni wọ́n pọ̀jù nínú ìyẹn, agbádá sì jẹ́ aṣọ iyì lójú gbogbo ayé. Ìró aláta ni Ransome-Kuti wọ̀. Nígbẹ̀yìn, ìjà àwọn obìnrin náà mú kí Aláké fi ìlú sílẹ̀ ní 1948, ó sì kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ ní oṣù kìíní 1949, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tún padà lẹ́yìn náà.

Ibi tí ìtàn ìró ti gba ọ̀nà tó jìn jù ni ti àǹkárá. Ní erékùṣù Java, tó wà ní Indonésíà òde òní, tọkùnrin tobìnrin ló ń ró sarong, aṣọ kan tó jẹ́ ìbátan ìró tímọ́tímọ́, àfi pé àwọn máa ń rán etí rẹ̀ méjèèjì pọ̀ kó lè yípo. Ìda gbígbóná ni wọ́n fi ń ya ọnà sára rẹ̀ kí wọ́n tó rì í sínú aró, ọgbọ́n kan náà tí ẹ̀kọ ń ṣe lára àdìrẹ. Àwọn ará Họ́láńdì tó ń jọba lé Java lórí rí èrè níbẹ̀. Ní àwọn ọdún 1850, ilé iṣẹ́ Prévinaire ní Haarlem ti ní ẹ̀rọ tó lè fi ọ̀dà tẹ irú ọnà bẹ́ẹ̀ sára aṣọ níhà méjèèjì. Wọ́n kó o lọ sí Java. Àwọn ará Java kò fẹ́ ẹ: ọ̀dà náà máa ń sán, aró á wọ inú ojú sísán, ìlà wẹ́wẹ́ á bo ọnà. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Java fúnra wọn sì ti ń fi òǹtẹ̀ bàbà ṣe tiwọn ní owó pọ́ọ́kú.

Ní àwọn ọdún 1890 ni Ebenezer Brown Fleming, oníṣòwò ará Scotland, wá ń kó aṣọ náà wá sí Gold Coast. Ìlà wẹ́wẹ́ tí àwọn ará Java kọ̀ ni àwọn ìyá wa fẹ́ràn, nítorí kò jẹ́ kí ìró méjì jọra pátápátá. Vlisco, ilé iṣẹ́ Helmond tó ti wà láti 1846, bọ́ sínú rẹ̀ pẹ̀lú. Láti etíkun Gold Coast ni aṣọ náà gba Lomé, Kùtọnú àti Èkó. Kí ó má baà dà bíi pé òyìnbó ló ṣe gbogbo rẹ̀: àwọn obìnrin ọjà ló ń sọ fún ilé iṣẹ́ pé àwọ̀ yìí kò tà, ọnà yìí ni kẹ́ ẹ tún tẹ̀, àwọn ló sì ń fún ọnà lórúkọ. Àwọn obìnrin oníṣòwò tí wọ́n ń pè ní Nana Benz ní Lomé di olówó ńlá lórí rẹ̀ láti àwọn ọdún 1950, títí di ìgbà tí owó CFA já wálẹ̀ ní 1994 tí ọjà wọn sì dẹnu kọlẹ̀.

Nàìjíríà náà tẹ aṣọ tirẹ̀. Kaduna Textiles bẹ̀rẹ̀ ní 1957. Ní ẹ̀bá ọ̀dọ̀ wa níbí, Nigerian Textile Mills wà ní Ìkẹjà, Afprint wà ní Ìsọlọ̀, Nichemtex wà ní Ìkòròdú. Ọ̀nà Ìkòròdú tó gba iwájú Mende kọjá ni òṣìṣẹ́ wọn àti ẹrù wọn ń gbà. Ó ju 100 ilé iṣẹ́ aṣọ lọ tó wà ní Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1980. Iná mànàmáná tí kò dúró, náírà tó ń já wálẹ̀, aṣọ fàyàwọ́ láti Éṣíà, wọ́n pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. United Nigerian Textiles ní Kaduna, tó tóbi jù, ti ilẹ̀kùn ní 2007, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì pàdánù iṣẹ́. Àǹkárá ilẹ̀ Ṣáínà, bíi Hitarget, ló kún ọjà Balógun lónìí. N kò bá obìnrin tó ń rà á jà, nítorí owó ọwọ́ rẹ̀ ló mọ. Àmọ́ ó ń dùn mí gidigidi pé orílẹ̀-èdè tó ń ró ìró tó báyìí kò lè tẹ èyí tó tó o mọ́.

Ọkùnrin kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ yìí bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Àwọn olóyè onífìlà funfun ti Èkó ń ró aṣọ funfun wọn, wọ́n ń dá èjìká kan sí. Èyọ̀ Adámú Òrìṣà ń ró aropalẹ̀ lábẹ́ agbádá rẹ̀, aṣọ náà sì ń gbá ilẹ̀ bó ṣe ń rìn ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọkùnrin Mùsùlùmí tó ń lọ sí Mẹ́kà máa ń bọ́ gbogbo aṣọ abẹ́rẹ́ sílẹ̀, yóò ró ọ̀kan sí ìdí, yóò da ọ̀kan sí èjìká. Ní Mende, níbi tí onírúurú ẹ̀yà ń gbé, ìwọ yóò rí ọkùnrin Ìjọ̀ tàbí Urhobo nínú ìró jọ́ọ̀jì lọ́jọ́ ìgbéyàwó, obìnrin Ìgbò pẹ̀lú ìró méjì lórí ara wọn.

Ní àwọn ọdún 1960 sí 1970, ìró kúrú dé orúnkún, ìgbà náà ni àwọn ọmọge ń wọ olékú. Fíìmù tí Túndé Kèlání ṣe ní 1997 láti inú ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá, *Ó Le Kú*, ló tún mú un padà sójú agbo. Mo fẹ́ràn olékú. Ohun tí n kò fẹ́ràn ni ohun tó tẹ̀ lé e: télọ̀ tó ń gé ìró, tó ń fi síìpù àti ìkọ́ sí i, tó ń rán an mọ́ ìdí ẹnìkan ṣoṣo. Wọ́n ní kì í tú lójú agbo, òótọ́ sì ni, pàápàá fún ẹni tó fẹ́ jó. Àmọ́ bí ẹni tó ni ín bá sanra díẹ̀, ó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lè gbé ọmọ, kò lè bo àlejò, ọmọ kò sì lè jogún rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ìró tí a kò gé nìkan ló ń dé ipò àkísà tó wúlò: ìtẹ́dìí ọmọ tuntun, òṣùká, ìnulẹ̀.

Lójú ọ̀nà ni àìgé yìí ti ń hàn jù. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ òru láti Òjòtá lọ sí òkè Ọya mọ̀ pé ẹ̀rọ amúlétutù inú ọkọ̀ lè pa ènìyàn, ìró kan ló ń gbà á. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́, òun ni ẹní létí títì. Ìyá tó fẹ́ fún ọmọ lọ́yàn á fi bo àyà. Ẹni tó sùn sí ilé àlejò tí kò gbẹ́kẹ̀ lé aṣọ bẹ́ẹ̀dì yóò tẹ́ tirẹ̀ lé e lórí. Ó ń ṣe táwẹ́ẹ̀lì, ó sì ń yára gbẹ ju táwẹ́ẹ̀lì lọ. Ó ń ṣe kátìnnì nínú yàrá tí ènìyàn mẹ́fà ń gbé. Ọmọ tó ń lọ sí London pẹ̀lú àpótí tí wọ́n fi kílò dè, ìyá rẹ̀ á ṣì wá ààyè fún ìró méjì nínú rẹ̀. Bó bá dé ọ̀hún tó sì fẹ́ sí i, Peckham àti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀bá Liverpool Street wà níbẹ̀. Yinka Shonibare, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní London tó dàgbà ní Èkó, fi ọnà àǹkárá ṣe ìgbòkun ọkọ̀ inú ìgò tó gbé sí Trafalgar Square ní 2010. Aṣọ tó ti Java lọ Họ́láńdì, tó ti Họ́láńdì dé Èkó, wá dúró níwájú ère Nelson.

Ẹni tó bá fẹ́ ìró ìrìn àjò, kó ra òwú gidi, kó máà ra èyí tó ń dán yinrinyinrin tí kì í fa omi. Ọ̀pá méjì ààbọ̀ tó, mẹ́ta bó bá ga tàbí bó bá ń pọn ọmọ. Kó fi omi tútù oníyọ̀ rẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan kó tó ró o, pàápàá bó bá jẹ́ àdìrẹ. Tó bá gbé e dé ọ̀dọ̀ télọ̀ ní Mende tàbí níbòmíràn, kó sọ fún un pé etí méjèèjì nìkan ni kó ṣẹ́, kó má fi sísọ́ọ̀sì kan àárín rẹ̀.